Àbúrò Mi, Ta Ni Agbẹnusọ Rẹ?

Nígbà tí ìdána mi ń bọ̀, odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni màmá mi fi wá alága ìjókòó. Ó kọ ẹni àkọ́kọ́ torí pé ohùn rẹ̀ kéré. Ó kọ ẹnì kejì torí pé ara rẹ̀ kò gba àwàdà. Ẹnì kẹta ló tẹ́ ẹ lọ́rùn, a sì san owó gidi fún un, torí pé lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ ìyàwó kì í rojọ́, bàbá ìyàwó kì í bá àlejò fa ọ̀rọ̀. Ẹnu alága ni gbogbo ilé ń gbà sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ alága yẹn ló sọ sí mi lọ́kàn lálẹ́ ọjọ́ kan nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé-ìwòsàn kan ní Houston níbí. Ọ̀rẹ́ mi jókòó sórí àga oníke lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́. Rọpárọsẹ̀ ti gbé ọkọ rẹ̀ ṣubú láàárọ̀, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ẹ̀rọ ló ń bá a mí. Dọ́kítà jáde sí wa, ó ní ta ni ọkùnrin yìí yàn pé kí àwọn máa bá sọ̀rọ̀ lórí ìtọ́jú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní, "Èmi ni. Ìyàwó rẹ̀ ni mí." Kò tíì sọ̀rọ̀ náà tán tí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọkọ̀ òfurufú dé láti Atlanta, fi dá a lóhùn: "Ìyàwó wo? Ṣé ẹ ti lọ kọ́ọ̀tù ni?" Wọn ò tíì lọ. Ìdána ni wọ́n ṣe ní Ìjẹ̀bú, èmi gan-an wọ aṣọ ẹbí lọ, mo jó títí gèlè mi fi tú. Fọ́tò la ní, ìwé ni wọ́n ń béèrè.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n fi fa ọ̀rọ̀ yẹn. Ìyá ọkọ wà lórí WhatsApp láti ilé, ó ń sunkún pé kí ẹnikẹ́ni má yọ nǹkan kan lára ọmọ òun. Ẹ̀gbọ́n ní òun ni olórí ẹbí. Ọmọkùnrin kan tí ọkọ bí kó tó mọ ọ̀rẹ́ mi, tó ti lé lọ́mọ ogún ọdún, náà dé, ohùn tirẹ̀ náà sì wà níbẹ̀. Ẹni tó mọ ohun tí ọkùnrin yẹn máa ń sọ lórí ibùsùn lálẹ́, tó mọ̀ pé kò fẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ gbé òun ró bẹ́ẹ̀, òun ni wọ́n ní kó lọ jókòó síta. Ọkùnrin náà kú ní ọjọ́ kejìlá. Títí di òní, bí ẹbí méjèèjì bá pàdé níbi ayẹyẹ, wọn kì í kí ara wọn.

Ìwé tí ì bá gba ọ̀rẹ́ mi sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn kò ju abala bíi mélòó kan lọ. Ìdí tí mo fi ní kó o jókòó nìyẹn.

Má sọ fún mi pé àwa Yorùbá kì í sọ̀rọ̀ ikú. Irọ́ ni. Màmá mi ní Òṣogbo ti fi aṣọ òkè tí a máa fi sin ín hàn mí láti bí ọdún mẹ́wàá, ó wà nínú àpótí, káńfọ̀ wà láàárín rẹ̀. Ó ti sọ irú ìlù tó fẹ́. Ó ti dárúkọ ẹni tí a kò gbọ́dọ̀ gbé máíkì fún. Àmọ́ lọ́jọ́ tí mo bi í pé, "Màmá, bí ẹ bá dùbúlẹ̀ tí ẹ ò lè sọ̀rọ̀, kí lẹ fẹ́ ká ṣe?" ńṣe ló fọwọ́ yí orí ká, ó ta ìka: "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Òkú la ti ṣètò fún. Aláìsàn la ò ṣètò fún.

Àwọn onílùú Amẹ́ríkà gan-an, ojú wọn rí màbo kí wọ́n tó gbọ́n. Ní 1983, ọkọ̀ gbókìtì pẹ̀lú ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Nancy Cruzan ní Missouri, ọmọ ọdún 25 ni. Kò jí mọ́. Nígbà tó yá, àwọn òbí rẹ̀ fẹ́ kí wọ́n yọ rọ́bà tí wọ́n fi ń fún un lóúnjẹ, ìpínlẹ̀ kọ̀. Ẹjọ́ dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ, wọ́n ṣèdájọ́ ní 1990 pé ìpínlẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ẹ̀rí tó dájú nípa ohun tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ ì bá fẹ́. Ọdún yẹn kan náà ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin Patient Self-Determination Act. Òun ló fà á tí akọ̀wé ilé-ìwòsàn fi máa ń bi ọ́, bí wọ́n bá ń gbà ọ́ wọlé, pé ṣé o ní advance directive, ìyẹn ìwé tí o ti kọ ohun tó o fẹ́ sí kí àìsàn tó dé. Ìwọ náà ti gbọ́ ọ rí. O ní rárá, o sì béèrè ibi tí wọ́n ti ń san owó.

Ti Terri Schiavo ní Florida tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún 26 ni nígbà tó ṣubú lulẹ̀ nílé ní 1990. Ọkọ rẹ̀ ní ìyàwó òun kò ní fẹ́ kí wọ́n fi rọ́bà dá a dúró. Àwọn òbí rẹ̀ ní irọ́ ni. Ọdún gbọ̀ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi wà ní kóòtù, kódà ààrẹ ilẹ̀ náà, George W. Bush, buwọ́ lu òfin torí tirẹ̀ nìkan, kí Terri tó kú ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta 2005. Ọkọ ní báyìí, òbí ní báyìí, obìnrin náà kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ó dà bí ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀bú àti Atlanta, àbí?

Àwọn tí a máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ló gbọ́n jù wá lọ lórí èyí. Àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà máa ń gbé káàdì kiri, tí wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọn ò gba ẹ̀jẹ̀. O lè má gba ẹ̀kọ́ wọn, èmi náà ò gbà á, ṣùgbọ́n dọ́kítà tó bá gbé wọn sórí tábìlì kò ní máa méfò. Ní Nàìjíríà, irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ìyàwó ilé kan kọ ẹ̀jẹ̀, dọ́kítà bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ rẹ̀, obìnrin náà kú, ìgbìmọ̀ àwọn oníṣègùn sì jẹ dọ́kítà níyà. Ní 2001, ilé-ẹjọ́ dá dọ́kítà láre: ẹni tí orí rẹ̀ pé lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé òun ò fẹ́.

Ó dáa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Texas bíi tèmi, ìwé méjì ló ṣe pàtàkì. Bó o bá wà ní Maryland tàbí New York, òfin ibẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀, béèrè tiyín. Èkíní ni Medical Power of Attorney, inú rẹ̀ lo ti máa yan agbẹnusọ. Èkejì ni Directive to Physicians, inú rẹ̀ lo ti máa sọ ohun tó o fẹ́ àti ohun tó ò fẹ́ bí àìsàn bá dé ibi tí kò ti sí àtúnṣe. Fọ́ọ̀mù méjèèjì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ilé-iṣẹ́ ìlera ìpínlẹ̀ náà. Bí o kò bá yan ẹnikẹ́ni, òfin ló máa bá ọ yàn án. Lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tó ń dá ẹ̀mí dúró, ọkọ tàbí ìyàwó ló kọ́kọ́ kàn, lẹ́yìn náà àwọn ọmọ tó ti dàgbà tí ọwọ́ lè tètè tó, lẹ́yìn náà òbí, lẹ́yìn náà ìbátan tó sún mọ́ni jù. Àfẹ́sọ́nà kò sí níbẹ̀. Olórí ẹbí náà ò sí níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ gbọ́ o.

Ìbẹ̀rù méjì kan wà tí àwọn oníbàárà máa ń bá mi sọ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Bissonnet, bí wọ́n bá ti rí i pé kò sẹ́lòmíràn níwájú fíríìsà. Wọ́n ní, "Àǹtí, bí mo bá buwọ́ lù ú, ṣé wọn ò ní pa mí?" Gbọ́. Nígbà tí o bá ṣì lè sọ̀rọ̀ tí orí rẹ sì pé, ìwé yẹn ń sùn ni, ẹnu rẹ ló ju gbogbo rẹ̀ lọ. Agbẹnusọ ò ní àṣẹ kankan àfi bí dọ́kítà rẹ bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé o kò lè dá ìpinnu ṣe mọ́. O sì lè fà á ya nígbàkigbà. Ìbẹ̀rù kejì ni pé wọ́n rò pé kíkọ̀ ìtọ́jú nìkan ni wọ́n ń fi ìwé náà ṣe. Rárá. Fọ́ọ̀mù Texas fún ọ láyè láti mú ọ̀kan nínú méjì: kí wọ́n jẹ́ kí n lọ ní ìrọ̀rùn, tàbí kí wọ́n ṣe gbogbo ohun tó wà lágbára wọn láti mú mi wà láàyè. Bó o bá fẹ́ kí wọ́n bá ọ jà dé ojú ikú, kọ ọ́ síbẹ̀!

Àmọ́ wá lọ́yà. Òótọ́ ni pé òfin ò ní o gbọ́dọ̀ ní lọ́yà. Èmi náà kọ́kọ́ ṣe é fúnra mi. Mo tẹ fọ́ọ̀mù jáde, mo kọ ọ́ dáadáa, lọ́jọ́ ìsìnmi lẹ́yìn ìrẹsì ni mo ní kí àbúrò ọkọ mi obìnrin àti ọmọ àǹtí mi buwọ́ lù ú gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Inú mi dùn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni mo gbé e fún lọ́yà wò, obìnrin kan tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Mẹ́síkò, ohùn rẹ̀ tutù. Ó kàn wo orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí, ó bi mí pé kí ni wọ́n jẹ́ sí mi. Mo sọ fún un. Ó ní ìwé yìí ò dúró. Ẹlẹ́rìí méjì ni òfin ń fẹ́, ó kéré tán ọ̀kan nínú wọn kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹbí rẹ, ì báà jẹ́ nípa ẹ̀jẹ̀ tàbí nípa ìgbéyàwó, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ agbẹnusọ fúnra rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó máa jogún rẹ, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ dọ́kítà tó ń tọ́jú rẹ. Bí kò bá sí ẹlẹ́rìí, nọ́tárì lè dípò wọn. Odindi ọdún kan ni mo fi gbé bébà lásán sínú báàgì tí mò ń pè é ní ìwé.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí ẹlẹ́rìí nìkan ni mo fi ní kó o wá lọ́yà. Ìgbésí ayé àwa tí a wá láti ilé ló lọ́jú pọ̀. Ẹnì kan ṣe ìdána láìlọ kóòtù. Ẹlòmíràn ní ọmọ sí Abẹ́òkúta, ó ní òmíràn síbí. Ẹnì kan ti kọ ọkọ àkọ́kọ́ sílẹ̀, kò sì rántí pé orúkọ rẹ̀ ló wà nínú ìwé. Ní Texas, ìkọ̀sílẹ̀ máa ń yọ ọkọ kúrò lórí oyè agbẹnusọ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n bí kò bá sí igbákejì nínú ìwé, ipò náà ṣófo nìyẹn. Lọ́yà mi ló sọ fún mi pé kí n yan igbákejì. Òun ló sọ pé ìwé yìí ò kan owó rárá, pé ìwé ọ̀tọ̀ ni ti báǹkì àti ilé, kí n má fi ìkan rò pé mo ní èkejì. Òun náà ló fi ibi kan hàn mí nínú fọ́ọ̀mù tí mo ti fojú fò: bí obìnrin bá lóyún, òfin Texas ò gbà kí wọ́n yọ ẹ̀rọ tó ń dá ẹ̀mí dúró, ohun yòówù kó ti kọ sílẹ̀. Ìwọ tó o ṣì ń bímọ, ó yẹ kó o mọ̀ kó o tó buwọ́ lù ú.

Owó lọ́yà? Wo ìwé ibi iṣẹ́ rẹ dáadáa, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ní ètò lọ́yà tí wọ́n ń yọ owó táṣẹ́rẹ́ fún lóṣooṣù, a kì í wò ó. Bí owó tó ń wọlé fún ọ bá kéré, Lone Star Legal Aid wà fún àwọn ará Houston àti agbègbè rẹ̀. Má lọ bá ẹni tó kàn ń ṣe ìwé ìwọ̀lú nítorí pé ó ń sọ Yorùbá. Iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ nìyẹn.

Ìbéèrè kan ni lọ́yà yẹn bi mí tí mi ò lè dáhùn lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Bí o bá jí, tí o ń jẹun tí wọ́n bá fún ọ, ṣùgbọ́n tí o kò dá ẹni tó ń fún ọ mọ̀, ṣé ìyẹn ṣì jẹ́ ìwàláàyè lójú rẹ?" Mo ní kó jẹ́ kí n lọ rò ó. Mo rò ó nínú mọ́tò, mo rò ó nígbà tí mò ń to àgbàdo àti èlùbọ́. Mo rántí ìyá bàbá mi tí kò dá wa mọ̀ mọ́ ní ọdún méjì tó kẹ́yìn, ṣùgbọ́n tó bá gbọ́ orin ìjọ, á máa fi ẹsẹ̀ lù ú. Mo ronú pé màmá yẹn wà láàyè dáadáa. Nígbà tí mo padà, ohun tí mo ní kó kọ rèé: kí wọ́n gbìyànjú ná, kí wọ́n lo ẹ̀rọ fún ọ̀sẹ̀ méjì, bí dọ́kítà méjì bá ní kò sí ìrètí pé màá tún dá mí fúnra mi, kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n fún mi ní oògùn ìrora, kí wọ́n má jẹ́ kí n jìyà. Àmọ́ bó bá jẹ́ ìgbàgbé nìkan ló bá mi, tí mo ṣì lè fi ẹsẹ̀ lu orin, kí wọ́n fi mí sílẹ̀ kí n máa jẹun mi. Kò sí fọ́ọ̀mù tó máa ní àyè fún ẹsẹ̀ tó ń lu orin, àfi bí o bá ní ẹni tó bi ọ́.

Àyè kan wà ní ìsàlẹ̀ fún ohun mìíràn tó o bá fẹ́. Má fi í ṣòfò. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n pe pásítọ̀ mi kí ó tó pẹ́. Ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ Mùsùlùmí kọ ọ́ pé kí obìnrin máa wẹ òun, kí wọ́n sì kọ ojú òun sí gábàsì bó bá tó àsìkò. Mo tún kọ ọ́, lọ́yà rẹ́rìn-ín títí, pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ya fọ́tò mi lórí bẹ́ẹ̀dì sínú gúrúùpù WhatsApp ẹbí. O mọ̀ wọ́n. O mọ̀ pé wọ́n máa yà á.

Bí o bá ní ọmọ tó ń lọ yunifásítì, fetí sí èyí kó o tó ra bẹ́ẹ̀dì àti ìbora fún un. Lọ́jọ́ tó bá pé ọmọ ọdún 18, àgbàlagbà ni lójú òfin. Bí jàǹbá bá ṣe é ní Austin, nọ́ọ̀sì lè má sọ nǹkan kan fún ọ lórí fóònù, ìbáà ṣe pé ìwọ lo bí i, tó o sì ń san owó ilé-ìwé. Jẹ́ kó buwọ́ lu tirẹ̀ náà, àti ìwé tó fún wọn láyè láti bá ọ sọ̀rọ̀ nípa ìlera rẹ̀. Ọmọ mi ní, "Mummy, you're doing too much." Ó buwọ́ lù ú.

Màmá mi wá bá wa gbé fún oṣù mẹ́fà lọ́dún tó kọjá. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára rẹ̀, mi ò fẹ́ kí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rẹ́ mi ṣẹlẹ̀ sí mi. Dípò kí n tún fi ikú bẹ̀rẹ̀, mo ní, "Màmá, ta lẹ máa rán ní alága ìjókòó bí ẹ ò bá lè dé ibi ìdána?" Ó ní, "Ìwọ kọ́. O máa ń sunkún jù." Ó dárúkọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Baltimore. Báyìí ni a ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a dé ilé-ìwòsàn fún àyẹ̀wò, mo béèrè ògbufọ̀ Yorùbá, torí pé ilé-ìwòsàn tó ń gba owó ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ wá ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́. Má ṣe ògbufọ̀ fún màmá rẹ lórí irú ọ̀rọ̀ yìí. Ìwọ ni ọmọ rẹ̀, wàá dín in kù níbi tó bá ti dùn ọ́. Ògbufọ̀ yẹn, ọmọ Ìlọrin, sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìbo nǹkan kan, màmá sì gbọ́ ọ láìta ìka.

Bí ìwé bá ti parí, má tì í mọ́ inú àpótí pẹ̀lú góòlù àti léèsì. Fún agbẹnusọ ní ẹ̀dà, fún igbákejì, fún dọ́kítà rẹ kí ó fi sínú fáìlì, kí o sì ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù. Ẹni tí ìlera rẹ̀ ti burú, tí kò fẹ́ kí wọ́n tẹ òun láyà mọ́ bí ọkàn òun bá dúró nínú ilé, ìwé ọ̀tọ̀ tí dọ́kítà máa buwọ́ lù ni tirẹ̀, torí àwọn tó ń wa áḿbúláǹsì kì í fi ti Directive ṣe.

Ó ku ọkọ mi. Àbúrò mi tó wà ní Dallas ni mo yàn ní agbẹnusọ, mi ò yan ọkọ mi, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ máa wà. Ó wo ìwé náà lórí tábìlì, ó ní, "Ṣé mo ti di àlejò nínú ilé yìí ni?" Mo ní kó jókòó. Mo ní, "Ọdún mélòó la ti ń ṣe Kérésì pọ̀? Ta ló máa ń pa adìyẹ?" Kò dáhùn. Ọkọ mi kì í lè pa adìyẹ. Ó máa ń jáde lọ sí ìta ilé kó má bàa gbọ́ ohùn rẹ̀. Mo ní, "Ìfẹ́ tí o ní sí mi kò jẹ́ kó o lè sọ ohun tí mo bá ní kó o sọ. Àbúrò mi á sọ ọ́, á sì sunkún lẹ́yìn." Ó dákẹ́ fún bí ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta, ó béèrè nọ́ńbà lọ́yà.

Ẹ̀dà tirẹ̀ ti wà lára fíríìjì wa báyìí, mágínẹ́ẹ̀tì tí a rà ní Galveston ló dì í mú. Orúkọ mi ló kọ sí ibi agbẹnusọ. Mo ní ṣé ó dá a lójú, kí ló dé tí kò fi yan ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ṣí fíríìjì, ó mú omi, ó ní, "Ìwọ lo mọ adìyẹ pa."